Wọ́n ní kí n gbé orúkọ wọn kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Plumstead

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n má baà fi ìka àbámọ̀ bọnu tó bá yá.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Plumstead, ní gúúsù ìlà-oòrùn London níbí. Ọdún kẹfà ẹ̀ rèé. Apá kan jẹ́ oúnjẹ ilé wa: èlùbọ́, gàrí, iṣu, epo pupa, panla, pọ̀nmọ́ nínú fírísà. Apá kejì jẹ́ ohun tí gbogbo àdúgbò ń wá rà: búrẹ́dì, mílíìkì, bíà, sìgá. Orúkọ mi ló wà lókè ilẹ̀kùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà wọlé, ó ní òun wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń jẹ́ orúkọ kan náà àmọ́ tí olúkúlùkù ni tiẹ̀. Ẹ mọ irú wọn, bíi SPAR, Londis, Premier, Nisa tó wà ní gbogbo orígun àdúgbò. Ó ní tí mo bá gbé pátákó wọn kọ́, ṣọ́ọ̀bù á ṣì jẹ́ tèmi. Wọ́n á bá mi kun ún, wọ́n á bá mi ra fìríìjì tuntun, ọjà á máa wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, n kò ní máa jí ní aago márùn-ún lọ sí cash and carry, níbi tí àwa oníṣọ́ọ̀bù ti ń ra ọjà lọ́pọ̀, mọ́. Ọkọ mi ní kí n fọwọ́ sí i kíá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n má dán an wò.

Ṣé ẹnikẹ́ni wà níbí tó ti ṣe é rí? Ṣé lóòótọ́ ni á ṣì jẹ́ tèmi? Èlùbọ́ mi ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

Màmá, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìnára. Ọdún kẹsàn-án mi rèé lábẹ́ irú pátákó bẹ́ẹ̀, mo ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ tẹnu mi kí àwọn tó bínú kúrò tó dé.

Tiyín ni. Ilé tí ẹ háyà, àwọn òṣìṣẹ́, owó orí, ìwé àṣẹ ọtí, gbèsè, èrè, gbogbo ẹ̀ wà lọ́rùn yín gẹ́gẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ kò ní di máníjà tó ń gbowó oṣù. Ohun tí ẹ máa gbà lọ́wọ́ wọn ni orúkọ àti ọjà, ohun tí wọ́n sì máa gbà lọ́wọ́ yín ni ìlérí pé ẹ ó máa ra iye ọjà kan lọ́dọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bó wù bó kọ̀. Ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà yẹn kò wá ta pátákó. Ọjà ló ń tà.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ pọ̀. Tẹ́lẹ̀, èmi àti àbúrò mi la máa ń fi ọkọ̀ fáànù lọ kó ọjà, ẹ̀yìn á máa ro wá bíi ti alágbàṣe. Báyìí, ọkọ̀ wọn ń dé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wọ́n á ti ọjà wọlé nínú àgò onírin ẹlẹ́sẹ̀ yíyí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ìwé ẹ̀dínwó ń jáde pẹ̀lú orúkọ tó wà lókè ilẹ̀kùn mi. Àwọn tó máa ń kọjá mi lọ sí Tesco Express, ṣọ́ọ̀bù kékeré ti ilé ìtajà ńlá Tesco, wá ń yà, torí ojú wọn ti mọ orúkọ yẹn. Fìríìjì tuntun onílẹ̀kùn tí mo rà nígbà yẹn sì mú owó iná mi wálẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ohun tí n kò rí ni ìsinmi. Aṣojú wọn á dé lójijì, á ya fọ́tò pẹpẹ, á ní ẹlẹ́rìndòdò báyìí kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ẹni tí kò bá lè gba ìyẹn mọ́ra, kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́yàyà, Birmingham

Aṣọ ẹbí ni wọ́n ní kí ẹ wá rà, Màmá. Gbogbo yín á wọ aṣọ kan náà, olúkúlùkù á sanwó tiẹ̀, á rán tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹ má ṣáà gbàgbé ẹni tó ń ta lẹ́ẹ̀sì.

Ará Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ṣé SPAR tí èmi náà máa ń rí tí mo bá lọ sí Lekki lẹ ń sọ yìí? Ṣé ìyá kan ló ni ìyẹn náà? Ilé iṣẹ́ ńlá kan ni mo rò pé ó ni gbogbo wọn.

Olùṣírò Owó, Croydon

Ará Bódìjà, ẹ rò ó re. SPAR tilé yàtọ̀ sí tibí. Ilé iṣẹ́ Artee tó ní Park n Shop tẹ́lẹ̀ ló gbàṣẹ láti lo orúkọ náà ní Nàìjíríà, àwọn fúnra wọn ló sì ń darí àwọn ṣọ́ọ̀bù náà. Níbí, ẹ lè bá ẹnìkan nídìí ẹ̀rọ ìsanwó tó jẹ́ pé òun gan-an ló ni ibi tó dúró sí. Pátákó kan náà, igi kan náà lára ẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà ni ín kò jọra. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi ka orúkọ sí. Ohun tó wà lẹ́yìn orúkọ ni mo máa ń wò.

Ìtàn ẹ̀ gan-an á là yín lójú. Ní 1932, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adriaan van Well ní ilẹ̀ Netherlands kó àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké jọ. Àwọn ilé ìtajà ńlá tó ní ẹ̀ka káàkiri ń ra ọjà lọ́pọ̀ yanturu ní owó pọ́ọ́kú, ẹni tó ń ra páálí méjì kò sì lè bá wọn fa á. DESPAR ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan ní èdè Dutch tó túmọ̀ sí pé tí a bá fìmọ̀ ṣọ̀kan ṣiṣẹ́ pọ̀, gbogbo wa la ó máa jèrè déédéé. Ó wá ṣe wẹ́kú pé “de spar” jẹ́ orúkọ igi kan lọ́dọ̀ wọn, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe igi Kérésìmesì. Igi tó wà lára pátákó wọn dòní nìyẹn.

Ẹ wá wo ẹni tó kó wọn jọ o. Olùpín ọjà ni van Well, kì í ṣe oníṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́yàyà ti sọ ọ́ tán: òun ló ń ta lẹ́ẹ̀sì. N kò sọ pé ìwà ìkà ni. Tí ṣọ́ọ̀bù kéékèèké bá kú, olùpín ọjà á kú tẹ̀lé wọn, nítorí náà ó ní ìdí tó fi fẹ́ kí wọ́n yè. Ní Jámánì, àwọn oníṣọ́ọ̀bù fúnra wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tó di Edeka, gbòǹgbò ẹ̀ ti wà ní Berlin láti 1898, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló sì jẹ́ títí di ìsinsìnyí. Ọ̀nà méjèèjì yẹn kì í bí irú ọmọ kan náà.

Bọ̀dá Houston

Lọ́dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà níbí, IGA ni wọ́n ń pè é. Chicago ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1926, J. Frank Grimes ló dá a sílẹ̀, olùṣírò owó ni òun náà (Croydon, ẹ̀yin ni mò ń bá wí o). Nígbà yẹn, A&P, ilé ìtajà ńlá kan, nìkan ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù káàkiri orílẹ̀-èdè yìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí Màmá gbọ́ ni pé láwọn ìlú kéékèèké, ẹ ó rí orúkọ ìdílé tó ni ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì IGA lórí pátákó. Ti Edeka náà máa ń rí bẹ́ẹ̀ ní Jámánì. Ẹ bi wọ́n bóyá orúkọ yín lè dúró lábẹ́ tiwọn. Ọdún mẹ́fà lẹ fi sọ ọ́ di orúkọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà pa á rẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Àbíkẹ́, Leeds

Èmi wà lára àwọn tó bínú kúrò tí Bọ̀dá Manchester ń dá àpárá sí. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ tí mo wà.

Ọdún márùn-ún ni mo fọwọ́ sí. Wọ́n bá mi tún ṣọ́ọ̀bù ṣe, mo ń dúpẹ́, mo ń jó. N kò ka ojú ewé tó sọ pé owó àtúnṣe yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn. Tí o bá kúrò kí ọdún márùn-ún tó pé, wàá dá èyí tó kù padà, wàá sì fi owó ara ẹ yọ pátákó wọn kúrò. Ọdún kejì ni wọ́n dí ojú ọ̀nà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi fún iṣẹ́ páìpù, oṣù mẹ́rin gbáko. Oníbàárà dín kù, àmọ́ iye tí mo gbọ́dọ̀ rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò dín. Ọ̀sẹ̀ tí n kò bá rà tó, wọ́n á bu owó ìgbọ́jàwá lé e, owó tí wọ́n máa ń dá padà fún mi lópin oṣù á sì fò lọ. Mo wá ń ra ohun tí n kò lè tà. Yọ́gọ́ọ̀tì ni mo fi bọ́ àwọn ọmọ mi ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, títí di òní wọn kì í fẹ́ rí i sójú.

Màmá, ẹ béèrè nípa oníduuro. Mo ti fi ṣọ́ọ̀bù mi sábẹ́ ilé iṣẹ́ tí mo forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, mo rò pé tó bá dẹnu kọlẹ̀, ilé tí mò ń gbé kò sí nínú ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí oníduuro fún ọjà àwìn wọn. Ìwé kékeré kan báyìí, ojú ewé kan péré, ẹ̀yìn àwọn tó kù ni wọ́n fi sí.

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. Orúkọ mi ló wà lókè ilẹ̀kùn mi báyìí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ má bínú, àpárá lásán ni. Ti oníduuro yẹn, òótọ́ pọ́nńbélé ni. Èmi ní kí wọ́n kọ iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá sínú ẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ jiyàn, wọ́n gbà nígbẹ̀yìn. Ẹni tó bá bèèrè máa ń rí nǹkan gbà. Àsìkò tí wọ́n ń wá yín ni ẹ lágbára jù. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹni tó ń pè yín lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kò ní gbé fóònù mọ́.

Olùṣírò Owó, Croydon

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta lẹ́ẹ̀sì, torí mo rí i pé gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ pátákó. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí màá fi síwájú gbogbo ìbéèrè nìyí: ta ló ni ilé ìkẹ́rùsí tí ọjà ti ń wá?

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló ni Londis nígbà kan. London àti agbègbè ẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá, 1959 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 2004, wọ́n tà á fún Musgrave, ilé iṣẹ́ ará Ireland. Ní 2015, Booker, olùpín ọjà ńlá kan, rà á lọ́wọ́ Musgrave. Booker yìí kan náà ló ní Premier. Ní 2018, Booker bọ́ sábẹ́ Tesco. Nítorí náà, ẹni tó gbé pátákó Londis tàbí Premier kọ́ lónìí, tó ń bá Tesco Express òdìkejì títì jà, ọwọ́ ilé Tesco ló ti ń ra ọjà. Nisa náà, 1977 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló ni ín. Ní oṣù kọkànlá 2017 ni wọ́n dìbò, èyí tó lé ní ìdá 75 nínú 100 ní kí wọ́n ta á fún Co-op, ilé ìtajà aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ńlá ibí, ọdún tó tẹ̀ lé e ni Co-op gbà á. Costcutter, pátákó mìíràn bíi tiwọn, wà lọ́wọ́ Bestway, olùpín ọjà kan, láti ìparí 2020. SPAR níbí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olùpín ọjà ẹlẹ́kùnjẹkùn, bíi James Hall ní Preston, Blakemore ní agbègbè Birmingham, C.J. Lang ní Scotland, Henderson ní Northern Ireland. Bí ẹ bá gbọ́ SPAR lásán, ẹ kò tíì mọ ẹni tí ẹ ó máa sanwó fún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ló kàn mí bí Tesco ló ni ín? Láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á, àwọn ọjà Jack's, orúkọ ọjà Tesco fúnra wọn, tí wọ́n ń kó fún àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Premier ń tà bí àkàrà gbígbóná. Ẹni tó ní agbára ìràjà ni mo fẹ́ wà lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn tó dìbò ní Nisa kò ya wèrè. Owó wọ àpò wọn, ọjà sì dára sí i.

Olùṣírò Owó, Croydon

N kò ní wọ́n ya wèrè. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí èèyàn mọ̀ ọ́n wọ̀ ọ́. Ṣé ẹ rántí oṣù kọkànlá 2017? Palmer & Harvey ló ń gbé ọjà fún Costcutter nígbà yẹn. Wọ́n wó lulẹ̀ nígbà tí Kérésì ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, wọn kò ṣe nǹkan kan, pátákó wọn sì ń tàn yòò lókè, pẹpẹ ló ṣófo. Co-op ni Costcutter bá ṣàdéhùn lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé tí wọn kò bá lè gbé ọjà dé, ẹ lè rà á níbòmíràn láì jẹ gbèsè ìtanràn.

Ìyá Tọ́lá, Milton Keynes

Kò tíì sẹ́ni tó dá Màmá lóhùn lórí èlùbọ́. Èmi ń ta oúnjẹ ilé lábẹ́ pátákó, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Wọ́n gbà mí láàyè. Wọn ò dí mi lọ́wọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èlùbọ́ kò sí nínú ilé ìkẹ́rùsí wọn, gàrí kò sí, panla kò sí, iṣu wo ni wọ́n fẹ́ gbé? Ọwọ́ àwọn èèyàn wa tó ń kó o wọlé ni mo ti ń rà á. Nítorí náà, kò sí kọ́bọ̀ kan nínú owó yẹn tó ń wọ ìṣírò iye tí mo ṣèlérí láti rà lọ́dọ̀ àwọn onípátákó. Ẹ rò ó wò: tí ìdajì ọjà yín bá jẹ́ ti ilé wa, ìdajì tó kù nìkan ló máa dá ru ẹrù ìlérí náà. Aṣojú wọn á wo ṣọ́ọ̀bù yín, á wo bó ṣe tóbi, á sì ṣírò bí ẹni pé gbogbo ẹ̀ ni ẹ ó fi ta búrẹ́dì àti bíà.

Ohun tí mo ṣe kí n tó fọwọ́ sí i: ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi pín rìsíìtì sí àpótí bàtà méjì, tilé wa lọ́tọ̀, tiwọn lọ́tọ̀. Nígbà tí mo ṣí àpótí, mo rí i pé ohun tí mo lè rà lọ́dọ̀ wọn kò tó ohun tí wọ́n ń béèrè. Mo gbé àpótí náà fún aṣojú wọn. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n dín iye náà kù. Mo sì ní kí wọ́n ya àwòrán pẹpẹ tilé wa, kí wọ́n sàmì sí i, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àdéhùn. Lẹ́yìn ọdún kan, aṣojú mìíràn dé, ó ní kí n gbé gàrí kúrò kí n fi ṣokoléètì síbẹ̀. Àwòrán yẹn ni mo fi dá a lóhùn.

Òórùn panla dá wàhálà sílẹ̀ díẹ̀. Fírísà tó ní ìdérí ló parí ẹ̀.

Olùṣírò Owó, Croydon

Ìyá Tọ́lá, ẹ káre. Màá fi kiní kan kún un. Èlùbọ́, gàrí àti iṣu kò ní owó orí VAT lórí. Ọtí, ẹlẹ́rìndòdò, ṣokoléètì àti ànàmọ́ díndín inú ọ̀rá ní ìdá 20 nínú 100. Àwọn onípátákó máa ń tì yín sọ́dọ̀ irú àwọn ọjà bẹ́ẹ̀ torí wọ́n ń yára tà. Owó tó ń wọlé á pọ̀ sí i lóòótọ́, ẹ ó sì rò pé ẹ ti là, kí ìwé VAT tó dé. Èrè tó kù lọ́wọ́ ni kí ẹ fi wé èrè tó ń kù lọ́wọ́ báyìí.

Ọlọ́yàyà, Birmingham

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tó gbé pátákó yẹn kọ́. Kì í ṣe àwọn tí ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà bá júwe o, àwọn tí ẹ fúnra yín wá rí. Ẹ lọ lọ́sàn-án Tuesday tí kò sí èrò, ẹ ra omi kan, kí ẹ sì bi olówó ibẹ̀ pé tó bá tún di àtúnṣe, ṣé á tún fọwọ́ sí i. Ẹ máa wo ojú ẹ̀ kó tó la ẹnu.

Àbíkẹ́, Leeds

Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ onílé yín o! Ìwé ilé tèmi ní n kò gbọ́dọ̀ yí iwájú ilé padà láìgbàṣẹ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsù Greenwich náà bóyá pátákó oníná nílò àṣẹ.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Plumstead

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Àdúgbò ti gbọ́ ariwo mi, mo ń ka gbogbo ẹ̀ sókè fún ọkọ mi.

Ibi tí mo dé rèé. Mo ti gbé àpótí bàtà méjì sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹta ni a wà yìí. Tilé wa ti ń kún ju tiwọn lọ, mi ò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀ rárá! Lọ́yà ti gba ìwé wọn lọ kà, ó sì rí ojú ewé oníduuro yẹn, ó wà lẹ́yìn pátápátá gẹ́gẹ́ bí Àǹtí Àbíkẹ́ ṣe sọ. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù méjì. Ọkùnrin Gujarati kan ní Welling ní òun á tún fọwọ́ sí i kíá. Ìyá ará Sri Lanka kan ní Erith wo ojú mi, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan ń bọ̀, ó ní kí n jókòó.

Ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà pè mí lánàá, ó ní ẹ̀bùn fìríìjì yẹn á dópin lópin oṣù. Mo ní àpótí mi kò tíì kún.

Bọ̀dá Manchester, ẹ jọ̀ọ́, irú fìríìjì onílẹ̀kùn wo lẹ sọ pé ó mú owó iná wálẹ̀, èló ni wọ́n ń ta àlòkù ẹ̀?